Kọ́kọ́ Dá Ẹ̀rọ Lóhùn Kí O Tó Kúnlẹ̀

Ìsọlọ̀,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Ṣadé, Àjọkẹ́ mi,

Ọkọ rẹ wá bá wa lánàá. Màmá rẹ gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun ti yó. Ó kàn jókòó ṣáá, ó ń wo fìlà rẹ̀ tó gbé lé orúnkún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, torí Ganíyù kì í kọ oúnjẹ màmá rẹ. Nígbà tó yá ló là á pé láti Ọjọ́bọ̀ ni o kò ti jẹun kánú, àti pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, o fẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ pé o ò ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ́.

Mo lè wọ bọ́ọ̀sì wá bá ọ ní Òṣòdì nísinsìnyí. Ohun tí n ò fi wá ni pé màmá rẹ á tẹ̀ lé mi, bí a bá sì débẹ̀, òun ni yóò máa sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ ìdajì, á gbà á lẹ́nu mi, á fi orin ìjọ parí rẹ̀. Inú ìwé nìkan ni mo ti lè sọ̀rọ̀ délẹ̀ nínú ilé yìí. Ganíyù ní òun á padà wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà jókòó, kí o kà á tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ti ọkọ rẹ ni.

Mo gbọ́ pé ní Ọjọ́bọ̀, o fẹ́ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tí àwọn ará sítọ́ọ̀ fi ń di oògùn sínú lọ́rì fún àwọn ilé ìwòsàn. Téèpù méjì, tí ètò oògùn ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lára wọn, ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Ti ọ̀sẹ̀ yìí, o fẹ́ fi í sí i. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, tí Àlàájì, bàbá ọkọ rẹ, wọlé. Ó wá wo ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì mú ọ̀rẹ́ kan lẹ́yìn kí ó lè fi ìyàwó ọmọ rẹ̀ yangàn. A kì í di ẹrù mọ́wọ́ kí àna. O gbé téèpù méjèèjì sórí tábìlì, o kúnlẹ̀. Àlàájì kì í sì í ṣe ẹni tó ń kí èèyàn ní kúkúrú. Ó béèrè ara, ó béèrè ilé, ó béèrè èmi àti màmá rẹ, ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ìwọ ń ṣe àmín. Nígbà tí o dìde, o mú téèpù kan, o fi í sára ẹ̀rọ. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni.

Ẹ̀rọ náà tilẹ̀ bi ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pé ṣé èyí tó wà lára òun yìí ni o fẹ́ kí òun lò. O dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bí o ṣe ń dá a lóhùn lójoojúmọ́.

Ìwé jáde, lọ́rì gbẹrù. Oògùn tó yẹ kó lọ sí ìlú kan, wọ́n dì í fún ìlú mìíràn. Ìwọ fúnra rẹ lo rí i nígbà tí o ń wo ìwé tó jáde, tí o sáré dé géètì láìwọ bàtà. O dá àwọn tó kù dúró, ṣùgbọ́n lọ́rì kan ti lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé awakọ̀ rẹ̀ dúró ra bọ̀ọ̀lì ní Apákùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Kò sí aláìsàn kankan tí nǹkan ṣe. Láti àná ni màmá rẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí bọ̀ọ̀lì yẹn.

Ọ̀gá rẹ wá ní kí o kọ àlàyé wá lọ́la. O ti kọ ọ́: pé àìfarabalẹ̀ rẹ ló fà á, pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ. O ò dárúkọ Àlàájì, o ò dárúkọ téèpù, o ò dárúkọ nǹkan kan. O fẹ́ fi ara rẹ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo rò nìyí.

Èkíní. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí o bá kúrò níbẹ̀ lọ́la, wọn á fi ọmọ ẹlòmíràn síbẹ̀. Òun náà á ní àna. Téèpù méjèèjì á ṣì jọra bí ìbejì. Ilẹ̀kùn yẹn á ṣì máa ṣí fún ẹni tó bá wù ú. Awakọ̀ ọjọ́ náà sì lè má fẹ́ràn bọ̀ọ̀lì. Nítorí náà, ìwé tí o kọ yẹn, ìwọ nìkan ló yọ kúrò níbẹ̀, kò yọ ewu. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. O ti kúrò lọ́mọdé, Àjọkẹ́. Wo ẹ̀yìn, kí o wo ohun tó gbé ọ ṣubú.

Èkejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-iṣẹ́ aṣọ, kí n tó di fóòmaànù, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ funfun ni wọ́n fi mí sí. Ẹnu páìpù méjì ló wà níwájú mi. Sódà ń ti inú ọ̀kan wá, sítáàṣì ń ti inú èkejì wá. Bákan náà ni wọ́n ga, bákan náà ni wọ́n rí, ọwọ́ kan náà la fi ń ṣí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ṣí sódà níbi tó yẹ kí n ṣí sítáàṣì. Aṣọ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọ̀gá mi nígbà náà, ará Abẹ́òkúta bíi tiwa, ó bú mi tó fi dé orí ẹni tó bí mi. Ó ní, "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Lajú ẹ, jàre!" Mo lajú. Mo gbàwẹ̀ pàápàá, torí mo rò pé ayé ló ń ṣe mí. Kò pẹ́, mo tún ṣí èyí tí kò yẹ kí n ṣí.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ lé mi ni mo já aṣọ pupa kan láti inú èyí tí a ń kó dànù, mo so ó mọ́ ẹnu páìpù sódà. Ó tán. N ò ṣì í mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá mi wá ń sọ kiri pé òun bú mi títí ojú mi fi là. Ojú kan náà ni mo ṣì ń lò.

Nítorí náà, kí ẹ kun ọ̀dà sí ẹ̀yìn téèpù ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa jọ ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Má sì jẹ́ kí méjèèjì wà lórí tábìlì kan náà láéláé. Gbé ti àtijọ́ padà sórí pẹpẹ ná, kí o tó mú tuntun. Bí Àlàájì bá sì wọlé láàárín méjì, ẹyọ kan ṣoṣo ni wàá bá níbẹ̀ nígbà tí o bá dìde.

Ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé mi lọ sí ìdí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ẹ̀rọ yẹn ní agogo kan tí ó yẹ kó ké bí iná bá pọ̀ jù. Ó ń ké lóòótọ́. Ó ń ké bí iná bá pọ̀, ó ń ké bí iná bá dínkù, ó ń ké bí ẹnìkan bá pa ilẹ̀kùn kíkankíkan. A sọ ọ́ ní Ìyá Aláròyé. Èmi ni mo gun àkàbà lọ fi àkísà dí i lẹ́nu, àwọn ẹgbẹ́ mi sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Lọ́jọ́ tí iná wá pọ̀ ní tòótọ́, a ò gbọ́. Aṣọ jóná. Ọ̀rẹ́ mi Làmídì ló lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, iná sì gbá irun ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Fún ìgbà pípẹ́ ni ojú rẹ̀ fi dàbí ẹyin bíbọ̀.

Wọ́n bá mi wí nítorí àkísà, ó sì tọ́ sí mi. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tó bi agogo léèrè ìdí tó fi ń ké nígbà gbogbo.

Ìbéèrè tí ẹ̀rọ rẹ ń bi ọ́, ara agogo yẹn ni. Ohun tí a bá ń béèrè lójoojúmọ́, tí ìdáhùn rẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́, kì í ṣe ìbéèrè mọ́, ìkíni ló ti dà. Bí èèyàn bá ní, "Ṣé àlàáfíà ni?", a ó ní, "Àlàáfíà ni o," kódà kí ibà wà lára wa. Bí o ṣe dá ẹ̀rọ lóhùn nìyẹn. Sọ fún ọ̀gá rẹ kí ó bá àwọn tó ń kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Kí ẹ̀rọ má bi ọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́. Kí ó ní kí o kọ ọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́yìn téèpù náà fúnra rẹ. Ìyẹn, wàá ní láti wò ó kí o tó lè kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé wàá ní ó yẹ kí o ti kà á. Ó yẹ. Àmọ́, ara tó ti mọ ọ̀nà kì í béèrè ọ̀nà. Ṣé o rántí ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún? Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo tún là á yé màmá rẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ sọdá ní Òṣòdì, ojú mi sì lọ sí ibi tí ọkọ̀ ti máa ń wá tẹ́lẹ̀. Ẹni tí n ò mọ̀ rí ló fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn. Orí mi mọ̀, ọrùn mi ni kò tíì mọ̀.

Ẹ̀kẹrin ló kàn, ṣùgbọ́n màmá rẹ ti wọlé, ó dúró sí mi lórí. "Ṣé ẹ ti kọ ọ́ pé kó máa wọ súwẹ́tà? Yàrá ẹ̀rọ yẹn tutù ju ibi tí wọ́n ń kó ẹja yìnyín sí lọ. Kẹ́ ẹ sì kọ nípa àga yẹn o! Ẹsẹ̀ ọmọ mi ò kanlẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò kàn fẹ́ sọ ni."

Mo ti kọ ọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́. Ẹni tí òtútù ń mú, tí ẹ̀yìn ń dùn, ó fẹ́ kí iṣẹ́ tètè tán, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì ti ń wọlé. Lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé yìí, gbogbo ilé-iṣẹ́ ní ẹsíteètì wa ń ra ẹ̀rọ tuntun bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Wọ́n ń bá ara wọn yọ̀, wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ẹni tó máa lò ó yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Wá àpótí tí wọ́n fi ń kó oògùn, kí o fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, bá wọn rẹ́rìn-ín, kí o má gbé àpótí náà kúrò.

Ohun kan tún wà tí mo rí lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé wá síbi iṣẹ́ wa. Ẹ̀rọ ń bà wọ́n lẹ́rù bí ẹni pé ọba ni. Bí ó bá tẹ nǹkan tí kò yé wọn, wọn á máa fi orí dá a lóhùn. Ẹ̀rọ kì í bínú, kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ohun tí o bá sọ fún un ló máa ṣe, kò ní ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Bí kò bá yé ọ, gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ ná, kí o lọ béèrè. Èmi mọ̀ pé ọmọ mi kò kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ, èèyàn ló kúnlẹ̀ fún, ìyẹn ló sì kù tí mo fẹ́ sọ.

Mo lọ bá Àlàájì.

Má pariwo. Bí Ganíyù ṣe kúrò lọ́dọ̀ wa lánàá ni mo wọ bàtà, mo gba ọjà Aswani lọ. Mo bá a nínú ìsọ̀ aṣọ rẹ̀. Ó dìde fún mi, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ káàbọ̀ o, ẹ jókòó. Ṣé kò sí?" Mo ní kò sí, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹ dúró ná. Ṣé pé èmi ni mo ba iṣẹ́ ìyàwó wa jẹ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Àlàájì."

"Kí ni ẹ wá fẹ́ kó ṣe? Kó kọ ẹ̀yìn sí mi níwájú àlejò tí mo mú lọ? Wọn á ní ilé tí wọn ò ti kọ́ ọmọ la ti lọ fẹ́yàwó. Bàbá Ṣadé, ẹ̀yin náà ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni, n ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ yẹn láti ìgbà tí o ti ń rá. Mo jókòó, mo ń wo ọjà.

Oníbàárà kan wá ra léèsì. Àlàájì gbé ọ̀pá yáàdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe ń kà á. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni bàbá arúgbó kan dúró síwájú ìsọ̀, ẹni tó lè bí Àlàájì dáadáa. Ó ní, "Àlàájì, ọjà á tà o!" Àlàájì ò gbójú sókè. Ó ń wọ̀n ọ́n lọ. Bàbá náà ò bínú, ó fara ti òpó ìsọ̀, ó ń wo àwọn tó ń kọjá. Nígbà tí Àlàájì wọ̀n ọ́n tán, tó fi àlùmọ́gàjí gé e, ìgbà náà ló wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ìsọ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mò ń wọn aṣọ ni."

Bàbá náà ní, "Mo rí i. Ṣebí ọwọ́ rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́." Ó súre fún un, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àlàájì dìde, ó ń gbọn eruku kúrò lára agbádá. Ó wò mí. Èmi náà wò ó. N kì í sọ̀rọ̀ níbi tí Ọlọ́run bá ti ń sọ ọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ ti mú mi. Ẹ má sọ ọ́, ẹ ti mú mi."

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ ní kí ìyàwó wa kọ orúkọ mi síbẹ̀. Kó kọ ọ́ gàdàgbà! Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sá fún ọ̀rọ̀. Màá ní kí káfíńtà mi kan bẹ́ǹṣì kan, kí wọ́n gbé e síta yàrá yẹn. Ẹni tó bá wá, kó jókòó. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun tóbi jù ú lọ."

Nítorí náà, ya ìwé tí o kọ yẹn, kí o kọ òmíràn. Kọ ohun tó jẹ́ tìrẹ: pé ẹ̀rọ bi ọ́, o ò ka ohun tó bi ọ́. Má dín in kù, má sì fi kún un. Lẹ́yìn náà, kọ èyí tó kù: pé téèpù méjì jọra lórí tábìlì kan, pé ìbéèrè ẹ̀rọ ti di ìkíni, pé àlejò wọlé nígbà tí ọwọ́ rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Kọ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀gá rẹ bá ní òun fẹ́ yọ ọ́, jẹ́ kó yọ ọ́. Ilé rẹ wà níbí, iṣẹ́ á sì tún wà. Ṣùgbọ́n ìwọ, má yọ ara rẹ.

Nígbà tí Ganíyù sọ pé o sáré jáde láìwọ bàtà, màmá rẹ sunkún nítorí ẹsẹ̀ rẹ. Èmi, inú mi dùn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bìkítà kì í ka ìwé tó ti jáde tán, kì í sì í sáré lé lọ́rì. Wọ́n lè kọ́ ẹlòmíràn bí a ṣe ń fi téèpù sára ẹ̀rọ. N ò mọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ onítọ̀hún ní èyí.

Ìkúnlẹ̀ tí mo kọ́ ọ, n ò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Mo kàn ń sọ fún ọ, èmi tí mo bí ọ, pé ó lè dúró kí ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ dilẹ̀. Èmi àti Àlàájì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. A ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. O mọ ikọ́ mi. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí téèpù sì wà lọ́wọ́ rẹ, má dìde, má yíjú. A ó dúró dè ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.